Lítà Kan Kí A Tó Gun Afárá

"Màmá, epo yín kò ní tó dé ẹnubodè."

Bí ọkọ̀ náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti ọmọge tó ń ta lọ́fínńdà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Ẹ̀fọ̀n ni. A ò tíì rin ju kìlómítà mẹ́jọ lọ, ìdí mi ò tíì mọ àga. Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń bá wí.

"Kí ló wí?" Ìbídùn bi mí láti ẹ̀gbẹ́.

"Ó ní ká máa rọra."

Irọ́ ni. Mo ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, eyín mẹ́fà ti jáde lẹ́nu mi, síbẹ̀ irọ́ ṣì ń gba àárín ìyókù kọjá wẹ́rẹ́.

Ìbídùn tún dijú. Orogún mi ni. Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí a ti jọ jẹ́ ìyàwó ọkùnrin kan, ọkùnrin náà sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, ó fi àwa méjèèjì sílẹ̀ ká máa bá ìjà wa lọ. Òun tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀, èmi sì rèé bí àpò gàrí tí wọ́n dì ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà ni mò ń yọ́jú wò láti ìgbà tí a ti gbéra. Aago kan tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ ni àwọn dókítà rì mọ́ ọn lábẹ́ egungun àyà, òun ló ń ti ọkàn rẹ̀ kó máa lù. Ooru ara ni aago náà ń jẹ. Bí ara rẹ̀ bá móoru, ìlẹ̀kẹ̀ á tàn bí ewé tútù. Bí ara bá ń tutù, á dà bí ọsàn tó pọ́n. Bó bá fi lè di pupa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù.

Láti ọjọ́ Ajé ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ti ń di ọsàn ní gbogbo ìdájí. Ilé ìtọ́jú àyà, tó wà lódìkejì Afárá Gígùn, ní aago náà ti gbó, ká gbé Ìbídùn wá kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kí ọ̀sán òní tó pọ́n. Nínú gbogbo agbo ilé wa, ọkọ̀ tèmi nìkan ló ṣì ń rìn. Bí èmi ṣe di awakọ̀ orogún mi nìyẹn.

Ìlẹ̀kẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Ó dáa. Mo wá yọ́jú wo àwòrán ife tó wà níwájú sítíárì.

Ife mẹ́rin ló ń jẹ́ lítà kan nínú ọkọ̀ wa. Lítà mẹ́ta ni Ìgbìmọ̀ Epo ń wọ̀n fún ẹni tó bá ń ti Ẹ̀fọ̀n lọ: méjì fún kìlómítà méjìlélógójì tó wà lójú ọ̀nà, ọ̀kan tó kù, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Pátákó rẹ̀ wà létí títì, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ọ̀kan tí yìnyín ti bo ìdajì rẹ̀: KÒ SÍ LÍTÀ KAN, KÒ SÍ AFÁRÁ. Lọ́dún tí òtútù kọ́kọ́ dé, ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló kú sórí Afárá Gígùn lọ́jọ́ kan, tí wọ́n dí ara wọn lọ́nà, tí wọ́n sì dì pọ̀ pẹ̀lú èrò inú wọn. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tí kò bá ní odindi lítà kan níkùn, ẹnubodè ò ní ṣí fún un.

Ife méjìlá ni mo bá kúrò nílé. Ife mẹ́jọ ló ń tàn níwájú mi. Ká yọ mẹ́rin afárá kúrò, mẹ́rin péré ló kù tí mo lè fi rin kìlómítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ibi tí ìyókù lọ? Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá kí ojú tó tì mí.

Ọkọ̀ ẹlẹ́numéjì ni ọkọ̀ mi. Ó ń jẹ epo, ó ń jẹ iná bátìrì. Láyé oòrùn, kò sí ohun tó mọ oúnjẹ jẹ níwọ̀n tó o. Bí o bá dúró, ẹ́ńjìnnì á sùn fọnfọn, bátìrì nìkan á máa ṣọ́lé. O lè fi odindi wákàtí kí èèyàn láti ojú fèrèsé, epo kan ò ní dín. Ìyẹn ló bà wá jẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tó bá ń lọ sí ìrìn àjò, gbogbo àdúgbò ló gbọ́dọ̀ tò sára ọkọ̀ rẹ̀ kí wọ́n sìn ín jáde. Ṣùgbọ́n nínú òtútù, ẹ́ńjìnnì kì í sùn. Bátìrì á le gbagidi, ẹ́ńjìnnì á máa jó epo ṣòfò kó lè yá ara rẹ̀, kó sì tún yá ènìyàn. Wọ́n kọ́ wa. Wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngán, wọ́n kọ́ wa, wọ́n fún wa ní bisikíìtì.

Láàárọ̀ yìí, mo ti tan ọkọ̀ kí Alàgbà Fágbohùn tó dé. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀, ó ní àdúrà ránpẹ́ ni. Ó gbàdúrà fún táyà kọ̀ọ̀kan. Ó gbàdúrà fún àwọn tó ṣe táyà. Mo yí gíláàsì wálẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ àmín mi, ooru ń jáde lọ síta, yìnyín ń wọlé. Ìyá Ṣèyẹ ní kí n bá òun kí gbogbo ará ìsàlẹ̀, ó sì dárúkọ wọn. Mo lè ti pa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ mi nínú, ẹ̀yin èèyàn mi! Arúgbó tó ń wakọ̀, tí gbogbo àdúgbò dúró tì, tí wọ́n ń pè ní akọni obìnrin. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó síbẹ̀ tí mò ń wú bí búrẹ́dì. Ó lé ní ife kan rèé.

"Màmá," ọkọ̀ tún wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè sí i, "ooru inú ọkọ̀ ló ń jẹ epo jù. Ṣé kí n pa á?"

Ìbídùn la ojú. "Pa kí ni?"

"Má dá a lóhùn."

"Ìyá Rántí, ife mélòó ló kù?"

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìbídùn fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti béèrè iye báyìí, itọ́ á gbẹ lẹ́nu ènìyàn.

"Mẹ́jọ," ni mo wí.

"Kìlómítà?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Kò fi ìka kà á. "Pẹ̀lú ooru, ife kan ò ní gbé wa ju kìlómítà mẹ́ta lọ. A ò ní dé Ìwárája. Láìsí ooru, bóyá mẹ́fà. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìnlélógún. Ó ṣì ku mẹ́wàá. Ẹ pa á."

"Aago àyà rẹ ńkọ́?"

"Aago àyà mi ò mọ ìṣirò. Ẹ pa á, ẹ̀yin obìnrin yìí! Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ fi ń ṣe àmín. Mo dijú ni, mi ò sùn. Mò ń kà á."

Mo ní kí ọkọ̀ pa ooru.

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn dákẹ́, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Ṣe ni inú ọkọ̀ kàn pa lọ́lọ́, bí ìgbà tí ẹni tó ń mí nínú yàrá bá dẹ́kun. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, èémí wa ti ń funfun. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í hun òwú sí inú gíláàsì, ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín. Lóde, igi kòkó dúró lọ bẹẹrẹbẹ nínú oko, gbogbo wọn ti kú láti ọdún kẹta, kò sẹ́ni tó láyà láti gé wọn. Títì ń dán bí àwo. Kò sí ọkọ̀ mìíràn níwájú, kò sí lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ wa bá kú níbí, ọ̀la ni wọn yóò rí wa.

"Nígbà tí oòrùn ń pa wá," Ìbídùn wí, eyín rẹ̀ ti ń lu ara wọn, "tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ́n ìyẹ̀fun sójú ọ̀run kó lè rọlẹ̀, ta ló kọ́kọ́ jó ní Ẹ̀fọ̀n?"

"Gbogbo ayé ló jó."

"Ẹ̀yin lẹ jù ú sẹ́yìn jù. Mo ṣì rántí ìdí yín."

"Ṣé ìdí mi ló fọ́n ìyẹ̀fun tó kó òtútù yìí bá wa ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ti kúrò ní ewé. Kò tíì di ọsàn, ṣùgbọ́n ó ti ń ronú sí i.

Mo dúró létí títì ṣáájú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Erin.

"Kí lẹ ń dúró ṣe?" ó kígbe.

"Mo fẹ́ fi aṣọ dí imú ọkọ̀."

Ẹni tó bá ti wakọ̀ nínú òtútù mọ̀ ọ́n. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ iwájú ọkọ̀, ibẹ̀ ni ooru ẹ́ńjìnnì ń bá lọ. Bí o bá dí i, ooru á dúró sínú, ẹ́ńjìnnì á lè sùn díẹ̀. Páálí ni wọ́n ń lò. Páálí tèmi wà nílé, mo fi gbé ìkòkò. Mo bọ́ sílẹ̀, mo tú ìró mi, mo sì ń fi dí ihò náà pẹ̀lú ìka tí kò gbọ́ tèmi mọ́. Èmi nìyẹn, ìyá àgbà ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, mo kọ ìdí sí ayé nínú yẹ̀rì lórí òkè, atẹ́gùn tó mú bí abẹ ń gba abẹ́ mi kọjá bí ẹni pé ó mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Táyà pàápàá ti súnkì nítorí òtútù; táyà tó bá rọ̀ máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, epo ló sì ń san án. Mo mú pọ́ǹpù ọwọ́, mo fi fẹ́ atẹ́gùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí ìkẹta, omijé mi dì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ń gbọ́ Ìbídùn tó ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Lórí ìkẹrin, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Mo sáré padà wọlé. Orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí gíláàsì. Ìlẹ̀kẹ̀ ti di ọsàn.

"Ìbídùn!"

"Ẹ má pariwo mọ́ mi létí." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ẹ wò ó, ohun tí ẹ̀rù ń ṣe sí ènìyàn kọjá ohun tí ẹnu ń sọ. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì ooru. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ á yá, a ó sì kú sójú ọ̀nà ní bíi kìlómítà méjìlá sí ibi tí à ń lọ, òtútù á wá pa á níbẹ̀ lálẹ́, á sì tún pa èmi náà. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, ó lè kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nísinsìnyí, níbi tí mo ti ń wo ife. Nínú ọdún mẹ́tàlélógójì, mo ti gbàdúrà ìgbà mélòó pé kí obìnrin yìí kúrò lójú mi? Àwọn àdúrà yẹn tò síwájú mi láàárọ̀ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bẹ ẹni tó gbọ́ wọn pé kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo mú ìka kúrò. Mo já gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀wù onírun àgùntàn mi. Àga iwájú ọkọ̀ mi gùn gbọọrọ, kò sí nǹkan láàárín. Mo fa Ìbídùn mọ́ra, mo gbé orí rẹ̀ sí abíyá mi, mo sì pa ẹ̀wù náà dé lórí àwa méjèèjì.

"Màmá," ọkọ̀ wí, "èrò kejì ti sọnù."

"Kò sọnù. Wakọ̀ rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ ń wà mí, Màmá."

"Nígbà náà, pa ẹnu rẹ dé!"

Láti inú ẹ̀wù ni ohùn kékeré kan ti wí pé, "Kí lèyí tó bo ojú mi?"

"Ọmú mi ni. Bàbá Rántí fi í sílẹ̀ tó wá bá tìrẹ. Ìwọ náà rèé, o ti padà wá sábẹ́ rẹ̀."

"Ó wúwo."

"Ó gbóná, àbí kò gbóná? Sùn mọ́ ọn."

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ kan lórí sítíárì, ọwọ́ kejì lẹ́yìn orogún mi. Láyé oòrùn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Erin yìí ni ìgbádùn ọkọ̀ ẹlẹ́numéjì. O kò ní tẹ nǹkan kan. Bí o bá ti ń rọra tẹ bíréèkì, bátìrì á máa gba agbára náà, á máa yó, ìgbà tí o bá fi dé ìsàlẹ̀ wàá ti lè rin kìlómítà márùn-ún láìfi epo kan ahọ́n. Mo ti gbójú lé e. Mo tẹ bíréèkì, mo wo bátìrì. Kò yí.

"Gbà á," ni mo wí fún ọkọ̀.

"Bátìrì tutù jù, Màmá. Kò lè gbà."

Ohun tó yẹ kó gbà wá là ń bọ́ dànù lábẹ́ wa, yíyí kan lẹ́yìn òmíràn, mi ò sì rí nǹkan ṣe sí i. Bíréèkì ń dún kíjikíji. Lẹ́ẹ̀kan, ìdí ọkọ̀ gbá sí ọ̀tún, ọ̀gbun ṣí sílẹ̀ lójú mi, mo rí omi Erin tó dì mọ́ àpáta lọ́hùn-ún, funfun, bí ẹni pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Mo kígbe. Mo tọ̀ sára díẹ̀ pẹ̀lú, mi ò ní parọ́ ìyẹn. Ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà.

"Ẹ ti tọ̀," Ìbídùn wí.

"Ìyẹn náà gbóná."

Ní ìsàlẹ̀ òkè ni ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ sùn. Mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́, mo kọ́kọ́ rò pé ó kú ni. Ṣùgbọ́n ìró mi ló ṣiṣẹ́. Ooru ti dúró sí imú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ó ń jí, ó ń sùn, ó ń jí, ó ń sùn, èmi náà ń mí nígbà tó bá sùn, mo sì ń há èémí mọ́ àyà nígbà tó bá jí. Ife kẹjọ ti kú lórí òkè. Ife keje náà kú. A kọjá Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ife kẹfà kú. Kò sẹ́ni tó ń rìn ní Ìwárája, èéfín nìkan ló ń jáde lórí ilé. Ife karùn-ún kú níbẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ife kẹrin bí ẹni ń bẹ ọmọ tó fẹ́ sọkún. Mo ní kó fara dà á. Mo ní mo ti rí orí afárá. Òótọ́ ni, mo ti ń rí i, irin dúdú gbọọrọ lójú ọ̀run eérú.

Kìlómítà kan péré ló kù nígbà tí ife kẹrin ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sì lọ.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè jáde sí wa. Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ẹ̀wù rẹ̀ pọ̀ débi pé imú nìkan ni mo rí. Ọlátóro ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú yìnyín, ó kí mi, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ kan ìkùn ọkọ̀. Ọ̀pá náà ké.

"Ife mẹ́ta ni, Màmá."

"Ife kan péré ló dín. Ọmọ mi, wo ẹni tó wà nínú ẹ̀wù mi."

Ó wò. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Kì í ṣe èmi ló ń ṣí i. Ọ̀pá yìí ló ń sọ fún irin, irin ló ń ṣí. Bó bá ti ké, mo lè sunkún títí di ọ̀la, kò ní ṣí."

"Fún wa ní epo ife kan."

"Wọn kì í gbé epo sí ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ ilé ìtọ́jú ti lọ sókè odò, ó di wákàtí méjì kó tó dé."

"Wákàtí méjì?" Mi ò mọ̀ pé mo ti ń pariwo. "Ilé ìtọ́jú náà nìyẹn! Mò ń wo ilẹ̀kùn rẹ̀!"

Lóòótọ́ ni. Ní ìpẹ̀kun afárá, iná kan ń tàn lókè ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù. Ogún òpó iná ló wà láàárín àwa àti òun, ó tó irinwó mítà. Ọlátóro wo ilẹ̀kùn náà, ó wò mí, láti orí dé yẹ̀rì.

"Màmá," ó wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé irin ń gbọ́, "ọkọ̀ ni òfin dárúkọ. Ìwé náà ò sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀. Wọn ò rò pé ẹnikẹ́ni lè ya wèrè tó bẹ́ẹ̀."

"Gbé kúbùsù rẹ wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀. Ọlátóro gbé Ìbídùn lé mi lẹ́yìn, ó fi kúbùsù gbá a mọ́ mi pinpin, ó tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀ fi ṣe ọ̀já, ó sì na ẹ̀wù mi lé àwa méjèèjì lórí. Òun ò lè tẹ̀lé wa. Bí ẹ̀ṣọ́ bá kúrò, gbogbo ẹnubodè á ti ara rẹ̀ pa. Ó ní òun á pè wọ́n kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ibi àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ló fi wá gbà.

Mo ti pọn ọmọ márùn-ún, mo ti pọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Kò sí èyí tó há egungun tó báyìí. Atẹ́gùn orí odò gbá mi lójú, mi ò rí òpó àkọ́kọ́ mọ́. Mo ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo ń bú u, nítorí mo ti rí i pé èébú ń jí i.

"Ìwọ ló fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ mi lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá ọkọ wa."

"Kò ní... iyọ̀... tẹ́lẹ̀," ó wí sí ọrùn mi.

Òpó karùn-ún. Òpó kẹjọ. Ní òpó kẹwàá, ìmọ́lẹ̀ kan tàn sí àyà mi láti ọwọ́ rẹ̀ tó so mọ́ ọrùn mi. Pupa ni.

Mi ò lè sáré. Ẹ gbà mí gbọ́, mo sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó sáré, ó ní kí n má fi òun ṣẹ̀sín. "Ìbídùn! Méje lọ́nà mẹ́jọ, ṣé àádọ́ta ni?"

Kò dáhùn.

"Àádọ́ta ni! Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni mo máa sọ fún."

"Mẹ́rìn... dínlọ́gọ́ta." Mo gbọ́ ìbínú nínú ẹ̀, ìbínú olùkọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́fà, ogójì!"

Òpó kẹtàlá. "Ogójì ni mo wí o!" Òpó kẹrìnlá. Kò sí ohùn. Orí rẹ̀ ń gbá èjìká mi bí mo ṣe ń gbẹ́sẹ̀, ó ń gbá a bí nǹkan tí kò ní olóhun. Mo dẹ́kun èébú. Mo dẹ́kun ìṣirò. Ohun tó ń ti ẹnu mi jáde, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń sọ fún un pé kó má fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí kò rántí nǹkan kan, pé bó bá lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí nígbà tí mo ní ìbàdí mọ́ láyé, kò sẹ́ni tí mo lè bá jà. Mo ń sọ ọ́ sókè. Atẹ́gùn ń kó o lọ.

Òpó kejìdínlógún, mo ṣubú lórí orúnkún. Mo fi orúnkún rin ìyókù.

Ilẹ̀kùn búlúù ti ṣí. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì sáré jáde, ooru sáré jáde pẹ̀lú wọn, ó gbá mi lójú bí ìgbátí. Ọ̀kan wo ọwọ́ Ìbídùn, ó kígbe sí àwọn tó wà nínú. Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́líìtì.

"Màmá, ẹ tú ọwọ́ yín, ká gbé wọn."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi ló dì mú."

Ọwọ́ Ìbídùn ni. Ó ti kọ́ wọn mọ́ra lábẹ́ àgbọ̀n mi, wọn ò sì lè tú u. Wọ́n fa ìka kan, ó padà. Nọ́ọ̀sì náà tẹ ẹnu mọ́ Ìbídùn létí, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti dé, ẹ jẹ́ ká gbé yín sórí bẹ́ẹ̀dì."

Mo rò pé òkú ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹnu kan tó tutù bí irin mì lẹ́yìn etí mi.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ lẹ́yìn ìyáálé mi," ó wí. "Ibí gbóná."

Wọn ò bá a jiyàn. Wọ́n di èmi mú ní apá ọ̀tún àti apá òsì, wọ́n gbé mi dìde, mo sì fi orúnkún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gbé e wọ yàrá tí wọ́n ti ń tan iná sí, mò ń gbọ̀n, mò ń gbọ̀n, mi ò sì jẹ́ kí ẹ̀yìn mi yẹ̀.